Bí ọ̀dà ọkọ̀ ẹlòmíràn bá lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ yín: Ohun tí ẹ lè ṣe nílé kí ẹ tó wá péńtà lọ

Kò sí awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Lusada sí Ìgbẹsà, tàbí èyí tó ń ti Àgbárá bọ̀ wá sí Àtàn àti Ọ̀tà, tí kò mọ bí ojú ọ̀nà náà ṣe máa ń fún pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn tírélà tó ń kó tíláìsì, irin àti sìmẹ́ǹtì, títí kan àwọn tó ń jáde láti ọgbà okòwò tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ará Ṣáínà láti ẹkùn Guangdong jọ dá sílẹ̀ ní Ìgbẹsà, ni wọ́n ń du ọ̀nà pẹ̀lú dáńfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà àti ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí Yunifásítì Crawford. Níbi tí ọkọ̀ bá ti fún ara wọn mọ́ra báyìí, kì í pẹ́ tí ọ̀kan fi máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ha èkejì. Awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, á sì rí ìlà pupa tàbí ìlà yẹ́lò gbọọrọ lára ọkọ̀ tó jẹ́ dúdú tàbí aláwọ̀ fàdákà. Ariwo á sọ. Ẹni tó ha ọkọ̀ á máa bẹ̀bẹ̀ pé, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n,” ẹni tí wọ́n ha ọkọ̀ rẹ̀ á máa béèrè owó tí òun máa fi kun ún, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa fun fèrè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà yìí kò mọ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó kúrò lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà. Ọ̀dà ọkọ̀ kejì ló wá lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan ló kún ara ọkọ̀ náà, nǹkan kò dín níbẹ̀. Ohun tó kún un yìí sì ṣe é yọ nílé pẹ̀lú omi, ọṣẹ, aṣọ tó mọ́, àgolo kọ́ńpáùn kékeré kan àti sùúrù. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa ń di ńlá ni ìgbà tí olúwarẹ̀ bá sáré mú tínà, bẹntiróòlù tàbí sáńpépà, tàbí tó bá gbà kí wọ́n kun odidi ilẹ̀kùn ọkọ̀ nítorí àpá tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ ohun tó wà lára ọkọ̀ tó ń wà. Ọ̀dà tí à ń fojú rí kì í ṣe ẹyọ kan. Irin ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi bo irin náà ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí àwọn péńtà ń pè ní pírámà. Òun ni kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ọ̀dà tó kù lè dì mọ́ irin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dà tó ní àwọ̀. Lórí àwọ̀ yìí ni wọ́n wá da ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ kankan lé, tó mọ́ gaara bíi dígí, èyí tí wọ́n ń pè ní kílíà. Kílíà ló ń dán, òun ló sì ń bá àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gba ìyà oòrùn àti òjò. Lára ọkọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ jáde tí wọn kò tíì tún kùn, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ 1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Kílíà nìkan máa ń tó bíi 35 sí 50. Ẹyọ irun orí èèyàn nípọn tó bíi 70. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí èèyàn ń fi aṣọ rà lọ́wọ́ nígbà tó bá ń nu àpá kúrò lára ọkọ̀ kò nípọn tó irun orí rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ méjì bá fara ha ara wọn, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ rọ̀ jù ni ọ̀dà rẹ̀ máa ń bó sára èkejì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń gbé ara ọkọ̀ sínú ààrò ńlá tó gbóná tó bíi 140 ní ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kí ọ̀dà rẹ̀ lè gan. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun dáńfó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò rí irú ààrò bẹ́ẹ̀ rí, afẹ́fẹ́ lásán ló gbẹ ẹ́. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí dáńfó bá fẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, yẹ́lò dáńfó ló sábà máa ń kù sára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ sára dáńfó. Bákan náà lọ̀rọ̀ òpó géètì ilé, tó jẹ́ òun gan-an ló ń ha ọkọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń fẹ́ kí aráyé rò pé onídáńfó ni.

Ọ̀dà ọkọ̀ kò fìgbà gbogbo rí báyìí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ford ń ṣe Model T, àwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n fi ń kun ún láti ọdún 1914 títí di 1925. Ọdún 1923 ni ọ̀dà Duco tí ilé iṣẹ́ DuPont ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ọkọ̀ Oakland ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀dà tó ń gba ọjọ́ gbọọrọ kó tó gbẹ tẹ́lẹ̀ sì wá ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Kílíà kò sí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ń to Volkswagen ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ń to Peugeot ní Kàdúná, láti ọdún 1975, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kì í ṣe aláwọ̀ fàdákà tó ń dán wínníwínní ló jẹ́ pé ọ̀dà aláwọ̀ nìkan ló wà lójú wọn. Láti bí ọdún 1980 síwájú ni kílíà wá gbilẹ̀. Ìtàn yìí wúlò, nítorí àwọn àgbà awakọ̀ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dán Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen kékeré ayé ọjọ́un, máa ń rí i tí àkísà wọn ń yí padà sí àwọ̀ ọkọ̀, wọn kì í sì í kà á sí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lára ọkọ̀ òde òní, àmì pé kílíà ti tán níbi tí wọ́n ń rà ni, kí onítọ̀hún sì dúró lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí èèyàn ṣe kó tó fọwọ́ kan àpá náà rárá. Kó yà á ní fọ́tò. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Edmond Locard, tó dá ilé ìwádìí ọ̀daràn sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ìlú Lyon lọ́dún 1910, ló fi yé àwọn ọlọ́pàá ayé pé ohun méjì tó bá fara kan ara wọn, ọ̀kan á fi nǹkan sílẹ̀ sára èkejì. Ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹni tó bá nù ún kúrò kó tó gba nọ́ńbà ọkọ̀ tó ha á, kò ní nǹkan tó máa nawọ́ sí mọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra ìwé adójútòfò ẹnìkẹta kìkì nítorí kí ọlọ́pàá má bàa dá wọn dúró, tí wọn kò mọ̀ pé tìtorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ṣòfin rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń mójú tó ètò adójútòfò nílẹ̀ yìí, ti sọ owó ìwé náà di 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni, láti 5,000 tó wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì gbé iye tí wọ́n lè san fún dúkìá ẹni tí wọ́n kọ lù dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Bí ẹni tó ha ọkọ̀ yín bá ní ìwé yìí, ilé iṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀ ló yẹ kó san án. Ẹ ya fọ́tò àpá náà láti òkèèrè àti nítòsí, kí ẹ ya ti ọkọ̀ kejì pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ tó kúrò lójú títì.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má ṣe fi àkísà gbígbẹ rà á, bó ti wù kí inú máa bí yín tó. Eruku ojú ọ̀nà Ìgbẹsà àti ti Lusada, yanrìn wíníwíní ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, yanrìn sì le ju kílíà lọ. Eruku sìmẹ́ǹtì tún burú sí i. Ẹni tó bá ń fi àkísà gbígbẹ rà á ń fi sáńpépà ra ọkọ̀ rẹ̀ ni, bó bá sì parí, á rí i pé àpá kan tó wà níbẹ̀ ti di ọgọ́rùn-ún ìlà kéékèèké tí oòrùn ń fi hàn.

Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòji, kí irin rẹ̀ tutù. Ẹ da omi púpọ̀ sí ibẹ̀ kí iyanrìn kọ́kọ́ ṣàn lọ. Garawa méjì ló dára, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi tí ẹ ó máa fi ṣan kànìnkànìn kí ẹ tó tún tì í bọ inú ọṣẹ. Ọṣẹ ìfọkọ̀ ló yẹ, àmọ́ bí kò bá sí, ọṣẹ olómi ìfọwo díẹ̀ kò ní ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á fọ ìda tó wà lára ọkọ̀ kúrò. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ni kò dára, àgàgà bí kò bá yọ́ tán. Ìfọ̀ yìí nìkan máa ń tó fún ohun tó bá ti ara ògiri wá. Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ilé máa ń rọ̀ bí wọ́n bá fi aṣọ tó rẹ nínú omi ọṣẹ lọ́wọ́ọ́rọ́ lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọ̀dà olóròóró ti géètì onírin kì í ṣí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ibẹ̀ bá ti mọ́ tó sì gbẹ ni àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù tó kàn, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ fi èékánná rọra fà kọjá lórí àpá náà. Bí èékánná bá gun òkè, tó dà bíi pé nǹkan kan ga díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dà àlejò ló wà lórí tiyín. Bí èékánná bá yọ̀ kọjá tí kò mọ nǹkan kan, kílíà nìkan ló ha díẹ̀, kọ́ńpáùn á ràn án. Àmọ́ bí èékánná bá kó sí kòtò tó há síbẹ̀, ọ̀dà yín ti kúrò, fífọ̀ kò lè dá a padà. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ọkọ̀ kejì ni ẹ máa ń rí bó bá jẹ́ ọ̀dà àlejò. Bó bá jẹ́ eérú tàbí funfun ràdàràdà tí kò jọ ti ọkọ̀ kankan nínú méjèèjì, pírámà ni ẹ ń wò yẹn, bó bá sì ń kọ mànà bíi ṣíbí, irin ti yọjú. Lára bọ́ńpà, ike dúdú ló máa ń yọ. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ ta omi sí ibi tó ha náà: àpá tó bá pòórá nígbà tí omi wà lórí rẹ̀, tó tún padà nígbà tó gbẹ, kò tíì kọjá inú kílíà.

Lọ́pọ̀ ìgbà ni oríṣi méjì tàbí mẹ́ta máa ń wà lórí àpá kan náà. Ìlà yẹ́lò lè fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ kí kòtò tóóró kan sì wà láàárín rẹ̀. Ẹ yọ yẹ́lò náà ná kí ẹ tó mọ bí kòtò ṣe tó.

Ọ̀nà tó rọjú jù ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a má sì gun orí èyí tó le títí èyí tó rọ̀ yóò fi kùnà. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn lè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀dà náà fẹ́lẹ́. Ẹ ta á sára aṣọ, kì í ṣe sára ọkọ̀, ẹ nù ún, ẹ fi omi tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ rọ́bà táyà tàbí ọ̀dà dúdú ojú títì ló lẹ̀ mọ́ ọn, kẹrosíìnì díẹ̀ lára aṣọ máa ń rọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ òróró rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí kò bá rọ́bà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ́. Ìdí kan náà ló mú kí WD-40 tí wọ́n ń tà nínú agolo afúnfẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Epo tó wà nínú rẹ̀ ló ń rọ àpá náà, kò sí idán kankan níbẹ̀.

Kọ́ńpáùn ló ń parí iṣẹ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ìpara ni, tí yẹ̀pẹ̀ lílọ̀ kúnná wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ jẹ ohun tí wọ́n bá fi rà. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tó rí bí ẹni rí yanrìn lábẹ́ ìka, tí àwọn péńtà ń lò, àti èyí tó kúnná bí ìpara ojú. Èyí tó kúnná ni kí onílé rà. Ẹ kọ́kọ́ lẹ téèpù bébà bo àwọn ike dúdú àti rọ́bà tó wà nítòsí, nítorí bí kọ́ńpáùn bá gbẹ sára wọn, á funfun síbẹ̀ títí.

Ẹ mú aṣọ microfibre tàbí fóòmù rírọ̀ tó tutù díẹ̀. Kọ́ńpáùn tó tó hóró ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ fi ìka mẹ́ta tẹ aṣọ náà, kì í ṣe ìka kan, nítorí ìka kan á gbẹ́ kòtò sójú kan. Ẹ máa rà á lọ rà á bọ̀ ní títọ́, lórí àyè tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró, ẹ fi aṣọ mìíràn tó mọ́ nù ún, ẹ wò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí, wọn kì í dúró wò ó. Bí ọ̀dà àlejò bá ti ń dín kù, tí ẹ sì ń rí yẹ́lò tàbí pupa rẹ̀ lára aṣọ, ẹ máa bá a lọ ní ìdajì ìṣẹ́jú ìdajì ìṣẹ́jú. Ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún máa ń tó fún àpá tí kò le. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ọkọ̀ tiyín lára aṣọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra gidigidi létí ilẹ̀kùn, létí bónẹ́ẹ̀tì àti lórí ìlà tó yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, torí àwọn ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ń fẹ́lẹ́ jù. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀dà àlejò náà nípọn, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Èékánná tàbí káàdì ike tí ẹ fi aṣọ wé lè bá yín ká èyí tó ga jù níbẹ̀ kúrò kí kọ́ńpáùn tó tẹ̀ lé e. Ọ̀bẹ àti abẹ kò sí nínú rẹ̀ o.

Ibi tí kọ́ńpáùn ti ṣiṣẹ́ máa ń ṣú díẹ̀, bí ẹni pé èèmí fẹ́ sí i. Pólíìṣì tó kúnná ló ń dá dídán rẹ̀ padà, ìda ọkọ̀ ló sì kẹ́yìn. Ẹ má ṣe fo ti ìda, nítorí ìfọ̀ àti kọ́ńpáùn ti ṣí gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò. Àwọn ọkọ̀ tí ọ̀dà wọn kì í dán láti ilé iṣẹ́, tàbí tí wọ́n fi ike bò, kò gba kọ́ńpáùn rárá, á sọ ojú kan di dídán láàárín èyí tí kò dán.

Ọ̀rọ̀ wá kan tínà, tó jẹ́ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ títì máa sọ pé kí wọ́n fi nù ún. Òótọ́ ni pé tínà ń yọ ọ̀dà dáńfó ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn kò ní kó máà yọ tiyín náà. Ọ̀dà tí wọ́n bá fi ohun amúgan pò kí wọ́n tó fọ́n ọn, tàbí èyí tó jáde láti ilé iṣẹ́, ti yí padà di ohun mìíràn nígbà tó gan, tínà kì í tètè rí i gbé ṣe. Àmọ́ ọ̀dà tó jẹ́ pé tínà inú rẹ̀ lásán ló fẹ́ lọ tó fi gbẹ, ìgbà kí ìgbà tí tínà bá tún kàn án, bó pé ọdún mẹ́wàá, á tún padà di omi. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti tún kùn lápá kan kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ní ọ̀dà ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀kùn iwájú, kí ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ títì wà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tí àwọn kan máa ń ṣe nínú ìdérí ẹnu tánkì epo kò fi tó. Ibẹ̀ lè jẹ́ ọ̀dà ilé iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn tí àpá wà lára rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kan náà, níbi tí ojú kì í dé, ni kí ẹ ti yẹ ohun tí ẹ bá fẹ́ lò wò, yálà sípíríìtì, kẹrosíìnì tàbí kọ́ńpáùn. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá bá aṣọ wá, ẹ ti mọ irú ọ̀dà tó wà níbẹ̀. Bó bá sì di dandan fún péńtà láti lo tínà, kó jẹ́ pé ó ta á sára aṣọ díẹ̀, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó fi omi lé e. Iná mọ́tò iwájú àti àwọn ike tó yí bọ́ńpà ká kò gbọdọ̀ rí i rárá. Ike iná mọ́tò á sán wínníwínní, á sì ṣú.

Bẹntiróòlù kò dára jù ú lọ, ewu rẹ̀ ló pọ̀ jù. Èéfín rẹ̀ ń rìn nílẹ̀ bí omi, jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ẹ̀yìn ilé tàbí àdògán ìyá tó ń dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà lè fa iná wá bá a. Ti tínà náà kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n máa fa èyíkéyìí nínú méjèèjì símú nínú gáréèjì tí wọ́n tì. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ kì í purọ́ pátápátá, ohun tó ń fọ eyín ń ra nǹkan díẹ̀, àmọ́ kò lágbára tó ọ̀dà tó nípọn, kọ́ńpáùn sì wà lọ́jà. Ní ti sáńpépà, èyí tó kúnná jù lọ, nọ́ńbà 2000 tàbí 3000, wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò pẹ̀lú omi, tó sì ní ẹ̀rọ tó máa fi dán an lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí káfíńtà ń lò kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ̀.

Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí tó sì rí i pé kòtò ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ló kúrò lóòótọ́. Kò sì ní kó sáré lọ kun odidi ilẹ̀kùn síbẹ̀. Àwọ̀ fàdákà àti àwọn àwọ̀ tó ń dán wínníwínní ṣòro láti bá dọ́gba lára ọkọ̀ tí oòrùn ti pa fún ọdún mẹ́wàá. Bí péńtà bá kun ilẹ̀kùn kan, á rí i pé kò bá èkejì mu, á fọ́n ọ̀dà wọ inú ilẹ̀kùn kejì kí ojú má bàa mọ ààlà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àpá ìka mẹ́ta á fi gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ohun tí oníbàárà máa kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ yìí ti ní jàǹbá rí.

Fún kòtò tóóró, ọ̀dà inú ìgò kékeré tó ní búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ti tó. Nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ ni kí wọ́n fi rà á, kì í ṣe kí wọ́n fojú wò ó. Lára Toyota, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀: nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà C/TR, kó tó di ìlà tó dábùú, ni ti àwọ̀ ìta; èyí tó tẹ̀ lé ìlà náà ni ti inú ọkọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ní ibi tiwọn, lẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Bọ́ńpà tó jẹ́ ike lè dúró di ìgbà tí owó bá wà, kò ní dógùn-ún. Irin tó ti yọjú kò lè dúró bẹ́ẹ̀, àgàgà láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò kì í fi ilẹ̀ Àwórì sílẹ̀. Ìpẹtà pupa lè hàn níbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, bó bá sì ti wọ abẹ́ ọ̀dà tó kù, á máa rìn lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀dà aláwọ̀ lọ́wọ́, ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi pírámà díẹ̀ tàbí ọ̀dà kílíà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná bò ó ná. Á gba omi dúró fún un títí ẹ ó fi rí èyí tó bá àwọ̀ ọkọ̀ mu.